Ọwọ́ Tí Ẹ Fi Ń Bó Ọsàn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ò ní dá mi lóhùn, mo mọ̀. N ó sáà wí i.

Ṣé ẹ rántí fọ́ọ̀mù tí mo pín fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ n'Íkẹjà, nígbà tí mo wà ní poli? Ọwọ́ wo lẹ fi ń jẹun? Ọwọ́ wo lẹ fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Mo fẹ́ tibẹ̀ mọ apá ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ wà nínú ọpọlọ yín. Ẹni tó bá ń lo ọ̀tún, apá òsì ọpọlọ ló sábà máa ń fi sọ̀rọ̀. Gbogbo yín pátá lẹ kọ ọ̀tún. Inú mi dùn, òmùgọ̀ ni mí! Ta ni yóò kọ òsì? Ọmọ wo ni wọn ò tíì gbá lọ́wọ́ rí torí pé ó fi òsì gba ẹja?

Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba yẹn, wá dé, wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Ẹ bá mi wá iṣẹ́ akọ̀wé sí Aláúsá, mo ní àfi kí n parí ìwé mi. A jà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni rọpárọsẹ̀ kọlù yín. Apá òsì ara yín kú, ohùn yín náà lọ.

Èmi ọ̀mọ̀wé ṣírò. Bí òsì ara bá kú, ọ̀tún ọpọlọ ló bàjẹ́. Bàbá mi sì kọ ọ̀tún, ó yẹ kó ṣì lè sọ̀rọ̀. Mo gbà pé ẹ̀ ń bá mi yodì ni, ẹ̀yin tí ẹ ti yodì odidi oṣù kan rí nítorí rédíò tí mo bàjẹ́. Èmi náà bá yodì. Ẹ máa ń na ọ̀tún yín sí mi lẹ́nu, n ó sì gbé e kúrò. Ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ sì dágbére fáyé.

Àná, mo mú ọ̀bẹ tí ẹ fi ń bó ọsàn, mo fẹ́ bó ọ̀kan. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo gbé e sí òsì, ó bó o wẹ́rẹ́; ọwọ́ òsì lẹ pọ́n ẹnu rẹ̀ fún.

Òsì lẹ fi ń bó ọsàn. Òsì lẹ fi ń so òwú tó bá já nídìí ẹ̀rọ. Ojú mi ń rí i láti kékeré. Ọ̀tún tí ìyá yín fi pàṣán kọ́ yín, fún oúnjẹ àti ìkíni ni. Bóyá apá ọ̀tún ọpọlọ tó bàjẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yín wà.

Mi ò sunkún. Mo jókòó, mo jẹ ọsàn náà tán. Mo wá fọ́ọ̀mù yín jáde, mo fagi lé ọ̀tún, mo kọ òsì.

Kí lẹ fẹ́ wí, Bàbá, tí ẹ fi ń fọwọ́ kàn mí lẹ́nu?

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ sọ ọ́.