Ẹ̀jẹ̀ Tó Fẹ́ Ta Oko Kòkó

Bọ́lọ́rundúró,
Ẹ̀bá Oǹdó.

Bísọ́dún ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Wúràọlá ìyàwó rẹ, mo sì kí gbogbo ará Ijapo ní Àkúrẹ́ níbẹ̀ tó ń ti géètì mọ́rí sùn. Bí ẹ ti jí ire lónìí ni ẹ ó máa jí i, lágbára Ọlọ́run. Àwa náà jí, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, àdúrà kò sì lè bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí o pè wá, o ní owó kòkó tí a ní kí o bá wa fi sí báǹkì ti wọ inú òwò orí fóònù, kò sì jáde mọ́. Mo bi ọ́ pé ta ló rán ọ. O ní ẹ̀jẹ̀ ni. O ní àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí i pé bí ọkùnrin bá jèrè, nǹkan kan máa ń ru sókè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á wá máa rò pé òun kò lè pàdánù mọ́, á sì kó gbogbo ohun tó ní lé e. Bó bá wá pàdánù tán, nǹkan mìíràn á tún ru sókè, ẹ̀rù á máa bà á, kò ní lè dáwọ́ lé ohunkóhun. Ẹ̀jẹ̀ wo, Bísọ́dún? Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ta tẹ́tẹ́ rí nínú ìdílé tèmi. Lọ bi àwọn ẹbí bàbá rẹ.

Síbẹ̀, ìyá ni mí. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa, mo ní kó fún mi ní abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń ná owó, kí n fi ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà orí rẹ̀ fi já bọ́. Ó ní kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀, pé kí ènìyàn jẹun kó sì sùn kó tó sọ̀rọ̀ owó ni. Ṣùgbọ́n èmi ti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà. Ṣebí àtàǹpàkò lo fi ń ṣí fóònù? Ibẹ̀ ló ti ń wọlé lọ bá owó. Fi báńdéèjì wé e.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé o tún ní kí bàbá rẹ ta oko, kí o lè fi owó rẹ̀ fa ti àkọ́kọ́ jáde. Oko tó rán ọ lọ sí Poli! Bàbá rẹ kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n na Bàbá Sherifat aládùúgbò wa láyò léraléra. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ìsúfèé, àyà wọn yọ síwájú bíi ti àkùkọ, wọ́n ní ọmọ yẹn gbọ́n, pé kí ẹni tó fẹ́ ra oko máa bọ̀ láti Oǹdó lọ́la. Ìgbà náà ni mo gbà pé ẹ̀jẹ̀ náà wà lóòótọ́, mo sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí o ti mú un.

Mo sá lọ bá Bàbá Sherifat. Mo ní bí oko yẹn bá lọ, kí ni a ó máa jẹ lọ́jọ́ ogbó? Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n na bàbá rẹ láyò kí olùrà tó dé, mo sì ṣèlérí àkùkọ. Bàbá Sherifat ní ọ̀fẹ́ làwọn ì bá nà án, pé oorun ló ń kun àwọn lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n gba àkùkọ náà ṣá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá Sherifat gbé ọpọ́n ayò wá sí ìloro wa. Wọ́n na bàbá rẹ, wọ́n tún un nà, wọ́n ń kọrin ọ̀pẹ sí i létí, wọ́n ní ṣé ọwọ́ tí kò mọ ọmọ ayò kà yìí náà ló fẹ́ ta oko. Nígbà tí olùrà fi máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, bàbá rẹ ti ká jọ sórí àga bí aṣọ tí òjò pa. Olùrà ní kí wọ́n wá tẹ àtàǹpàkò sí ìwé. Bàbá rẹ ní oko wo? Wọ́n ní ta ló mọ ohun tí ọ̀la máa mú wá. Wọ́n bu ẹ̀bà fún olùrà, wọ́n ní kó máa lọ kí òjò tó dé. Oòrùn ń ràn nígbà náà.

Oko wà, má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mo ti fi báńdéèjì wé àtàǹpàkò bàbá rẹ náà, òun ni wọ́n fi ń jẹun. Fi owó àkùkọ àti owó báńdéèjì ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n Wúràọlá ni kó fi ọwọ́ tirẹ̀ rán an, lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun tí ẹ sì sùn. Ìwọ náà, wá ẹni tí yóò máa nà ọ́ láyò láràárọ̀.

Ọlọ́run yóò bá mi bomi tútù sí ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ohunkóhun tí o bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere, àfi èyí tó bá wà lórí fóònù.

Èmi ìyá rẹ tí inú ṣì ń bí,
Ìbídùnní.