Ìwé Ńlá Tó Mọ Ọjọ́ Ìbí Rẹ

Danmagaji, Zaria,
Oṣù Kẹta, ọdún 1979.

Hámzàt Àdìgún ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnira Èkó. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Bó bá bá ọ lórí ìjókòó, kó má jẹ́ ìjókòó àárẹ̀. Àlàáfíà ni a wà, ọyẹ́ ti lọ, ìyá rẹ sì ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun.

Ìwé ọjọ́ ìbí tí o ní wọn kò ní gbà ọ́ síṣẹ́ láìsí i, mo ti rí i gbà. Agbádá Iléyá mi ni mo wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Sàlíhù, akọ̀wé ibẹ̀, bi mí pé ọjọ́ wo ni a bí ọ, mo ní ọdún tí òjò wó ògiri Ọlátẹ́jú ni, ó ní sai hakuri, kí n ṣe sùúrù, Baba, ìjọba kò mọ ògiri yẹn. Ló bá gbé ìwé kan jáde tó fẹ̀ tó ẹní tí a fi ń kírun. Hámzàt, orúkọ rẹ wà níbẹ̀! Tèmi wà níbẹ̀, ti ìyá rẹ wà níbẹ̀, àní wọ́n kọ ọ́ pé ìṣó ni mò ń tà. Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a bí ọ, bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń sọ pé Ọjọ́bọ̀ ni, mo bá bẹ ìwé náà kó má bínú. Mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ààfáà pé àwọn máláíkà ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé wọ́n ní ọmọọṣẹ́ ní káńsù. Mo bọ́ bàtà mi.

Níbi tí Sàlíhù ti ń wá tìrẹ, ó ti rí orúkọ mi ní ewé kan níwájú, ó wá bi mí pé ṣé èmi náà ni bàbá ọmọ yìí. Hàwáù ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó lo oṣù méje péré lọ́wọ́ wa kí o tó dé. A kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan, ìkán sì ti jẹ aṣọ rẹ̀ tán. Mo rò pé èmi àti ìyá rẹ nìkan la ṣì rántí orúkọ yẹn láyé. Omi lé ròrò sójú mi níwájú ìjọba. Sàlíhù ní ọmọ náà á ti pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ṣé ó ti lọ́kọ. Mo ní ó ti kú. Ó ní ìwé kò gbọ́, pé kí èmi àti ìyá rẹ padà wá ní Ọjọ́rú kí òun lè kọ ikú rẹ̀ sílẹ̀.

Mo délé, mo rò ó fún ìyá rẹ. A jẹun tán, ó palẹ̀ abọ́ mọ́. Ló bá ní kí Sàlíhù máa retí wa lọ, pé inú ìwé yẹn nìkan ni ọmọ òun ti ń dàgbà, òun kò ní fẹsẹ̀ ara òun rìn lọ pa á níbẹ̀. A kò lọ.

Ìwé tìrẹ wà nínú àpòòwé yìí, má ká a, Sàlíhù lu òǹtẹ̀ sí i débi pé tábìlì mì. Ìpàdéọlá ilé kejì ti ní kí n bá òun bi ìwé ńlá náà ibi tí ewúrẹ́ òun wọlé sí.

Jọ̀wọ́, bí o bá gba owó oṣù àkọ́kọ́, fi náírà mẹ́wàá ránṣẹ́. Ìyá rẹ fẹ́ kí n gba ìwé ọjọ́ ìbí ti Hàwáù náà, kí a fi gíláàsì sí i, kí a gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rẹ. Ọlọ́run tó fi ọ́ tù wá nínú yóò dá ọ sí fún wa. Ẹ ó jọ máa dàgbà ni, ìwọ lójú wa, òun nínú ìwé.

Èmi ni bàbá ẹ̀yin méjèèjì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní káńsù,
Abdulganiyu Oyèládé, oníṣòó.