Ọwọ́ Délé Ni Wọ́n Ní Kí N Fà Kọjá Ìlà

Ẹ̀yin èèyàn inú péèjì yìí, mo ti sọ pé ó dáa sí ohun kan tó ń rí mi lára, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n sì fẹ́ kí n ṣe é. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò mi hàn, torí ìlú wa kò tóbi rárá, bí mo bá húkọ́ ní Ìlaròó níbí, wọ́n á ti máa bi mí ní Ìgbógìlà bóyá mo ti lo oògùn. Délé tí mo máa pe ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń rùn nígbà tí imú mi bá kàn án…

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kó lè yé yín. Básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú agbọ̀n, là ń fẹ́ níbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n àwa kan wà, òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, télọ̀, tó jẹ́ pé básíkẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà là ń wò. A ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń wò ó, a sì ní ẹgbẹ́ tiwa, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá a ní pápá síméńtì, tí wọ́n ń bá àwọn ìlú mìíràn ní Yewa níbí díje. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù wa ló wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun, tí wọ́n ní àwa náà gbọ́dọ̀ ní cap. Ìyẹn ni pé owó tí ẹgbẹ́ kan ń san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lápapọ̀ ní ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá, kí ìlú olówó má baà kó gbogbo ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá lọ. Wọ́n tún ní deadline, ọjọ́ tí pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù máa dópin. Bí ọjọ́ yẹn bá ti ń sún mọ́lé, ẹ wá gbọ́ ariwo! Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ò rówó ọbẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ á máa ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ṣe máa ṣètò cap wọn, ta ni kí wọ́n tà, ta ni kí wọ́n fi gba ta ni. Èmi náà máa ń bá wọn jà sí i, mi ò ní purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí ní Amẹ́ríkà, tiwa ni. Bí agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, àwa kì í wo ìwé, a kì í gbé e lọ sí ọsibítù lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ tó ń fi sílẹ̀ ló máa di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí á fà á kọjá ìlà àárín pápá lójú gbogbo èèyàn, bí ìgbà tí wọ́n ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Á wá sọ pé ẹ gbà á, ara rẹ̀ le, ìwà rẹ̀ dára, bí ẹ bá rí àbùkù lára rẹ̀, èmi ni kí ẹ wá bi. Àgbà tòdìkejì á gba ọwọ́ ọmọ náà, àwọn àgbà méjèèjì á mu omi nínú ife kan náà, ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè nǹkan kan mọ́, torí àgbà ti sọ̀rọ̀. Bí kò bá sì sí àgbà tó fà á, kò sí pípààrọ̀. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, èmi ni mo dàgbà jù. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ?

Ní ìgbà òjò tó kọjá, à ń bọ̀ láti ibi tí a ti lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìmàsàyí, inú gbogbo wa dùn torí a borí, àwọn ọmọ ń kọrin lẹ́yìn mọ́tò, ni táyà iwájú bá bẹ́. Mi ò mọ bí ó ṣe yí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òkè di ilẹ̀, àga há mi ní ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń gbóòórùn bẹntiróòlù, mo sì ń gbọ́ tí ẹnì kan ń mí bí ẹni tó ń sùn. Ẹ̀gbọ́n Súlè dẹ́rẹ́bà wa ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mi ò gbọ́ mímí yẹn mọ́. Ọwọ́ kan ló wọlé láti ojú fèrèsé, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó fà mí, ó fà mí títí bàtà mi fi ṣẹ́kù sábẹ́ àga. Délé ni, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, kò tiẹ̀ nù ún. Ó gbé mi sórí koríko, ó bi mí bóyá mo lè na ẹsẹ̀ mi, mo ní mo lè nà á, ó ní ó dáa Bàbá, òun náà wá ṣubú lulẹ̀ síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi gbé e dé ọsibítù. Àwọn yòókù fara pa díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Súlè kú. Láti ọjọ́ yẹn mi ò wọ mọ́tò mọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé epo kọjá, mo máa ń fi ọwọ́ bo imú ni.

Màmá Délé ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ìhunbọ̀, kò tíì dé lọ́jọ́ náà. Nítorí náà èmi àti Alága ẹgbẹ́ wa, tí kò sí nínú mọ́tò yẹn torí ọkọ̀ tirẹ̀ ló gbé lọ, àwa méjèèjì ni dókítà pè sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà ní orí ọmọ yìí ti gbá nǹkan gan-an, ó ní kí a gbé e lọ sí Abẹ́òkúta kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú orí rẹ̀, ó ní kó má ṣe gbá bọ́ọ̀lù kankan kí wọ́n tó wò ó, torí bí ó bá tún ṣubú lulẹ̀ tàbí tí ẹnì kan bá fi ìgúnpá gbá a lórí, ó lè má dìde. Alága mi orí, ó ní a ti gbọ́ sà. Láti ọjọ́ náà kò dá ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta sílẹ̀ mọ́. Bí mo bá dá a sílẹ̀, á ní ṣé ẹ ò rí bí ọmọ náà ṣe ń jẹun ni?

Lóòótọ́ ó ń jẹun. Ilé mi ló ti ń jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ kan, tí òkèlè dúró sí ọwọ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ tí kò rí wa, ló bá ṣubú sẹ́yìn, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó mi gbé orí rẹ̀ lé itan, mo dá a dúró kó má baà fi orí gbá ògiri. Nígbà tó jí, ohun àkọ́kọ́ tó bẹ̀ wá ni pé ká má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí bí wọ́n bá fi lè pè é ní wárápá, ẹ̀yin náà mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣe, kò sẹ́ni tó máa fi ọwọ́ bọ àwo kan náà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. A ò sọ. Ṣùgbọ́n ó tún ṣubú ní pápá níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Gbogbo wọn ló rí i. Alága rí i. Wọ́n ní oòrùn ló mú un.

Ibi tó ti wá ń rí mi lára nìyí. Alága rí agbábọ́ọ̀lù gíga kan láti òdìkejì bọ́dà, ó ń sọ Faransé, ó ń pè mí ní tonton bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ọmọ dáadáa ni, kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un nínú cap wa, torí pé Délé ni owó rẹ̀ pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Délé ṣe bọ́ sí ẹnu àwọn ará ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń tú u bí ìgbà tí wọ́n ń tú àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ká fi í fún ẹgbẹ́ Ayétòrò, torí Ayétòrò ṣì ní àyè nínú cap tiwọn, wọn ò sì tíì mọ nǹkan kan. Wọ́n ní ìsinsìnyí ló ṣì lówó lórí, bí deadline bá fi lè kọjá, ó di ẹrù wa nìyẹn. Ọ̀kan wà nínú wọn tí a ń pè ní Lọ́yà, kì í ṣe lọ́yà o, òfin bọ́ọ̀lù ló mọ̀, òun ló rẹ́rìn-ín tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ tó bá ti ń sín la kọ́kọ́ ń fà lọ sọ́jà." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kó sín ní Ayétòrò kó tó di Sátidé. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tí mo mọ bàbá wọn ni o! Tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn, ẹni tó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù ń sọ iye tí wọ́n ta ẹnì kan, ẹ̀pà wà lẹ́nu mi. Mo jáde lọ tu ú sínú gọ́tà. Ẹ̀pà lásán ni, ṣùgbọ́n lójú mi ńṣe ló dà bíi pé ẹran ara èèyàn ni mò ń jẹ.

Alága tẹ̀ lé mi jáde. Kò pariwo, kì í pariwo. Ó gbé ọwọ́ lé mi ní èjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ètò ti parí. Ẹnu yín nìkan ni wọ́n ń dúró dè." Ó tún wá rán mi létí pé ẹni tí Ọlọ́run yọ nínú ìjàǹbá, ńṣe ló yẹ kó máa dúpẹ́, kò yẹ kó máa wá ọ̀ràn kiri. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi mọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin yìí mọ gbogbo èèyàn ní ìlú yìí, ó mọ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ó mọ onílé mi. Mo ní ó dáa. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́… ó dáa. Mo dé ilé, mi ò lè wo ojú ìyàwó mi.

Ẹ lè máa sọ pé kí n kúkú sọ òótọ́ kí n sinmi. Mo gbìyànjú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Mo lọ bá Délé, mo ní kó jẹ́ ká sọ fún àwọn Ayétòrò, ká wá ọ̀nà gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Wọ́n ti ṣèlérí fún un ní Ayétòrò pé wọ́n á bá a wá àyè sí ọgbà yunifásítì tó wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe ìdánwò àbáwọlé láìrí àyè. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá sọ ọ́, ẹ ti pa mí náà nìyẹn." Ó ní bí mo bá bà á jẹ́, òun á bá àwọn kan kọjá bọ́dà lọ gbá a níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ òun. Mo mọ̀ pé á ṣe é. Ẹni tó wọ inú mọ́tò tó ń jo epo lọ fa arúgbó jáde, kí ni kò ní ṣe? Ta ni yóò wá di orí rẹ̀ mú níbẹ̀ tó bá ṣubú?

Àná ni èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀. Àgbà tí yóò gba ọwọ́ Délé lọ́wọ́ mi ní Ayétòrò, màmá kan ni, tíṣà eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá pè mí lórí fóònù. Mo rò pé wọ́n ti gbọ́. Àṣé oúnjẹ tí ọmọ náà kì í jẹ ni wọ́n fẹ́ bi mí. Wọ́n ní àwọn ti gbá yàrá kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn, ọmọ àwọn kò sí nílé mọ́, ilé ti dákẹ́ jù. Mo ní kò sí oúnjẹ tí kì í jẹ. Ó wá ku díẹ̀ kí n sọ ọ́, ó ti dé orí ahọ́n mi. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ò ní bi mí ní ìbéèrè kankan ní Sátidé, pé ẹnu mi tó àwọn. Mo dúpẹ́. Ẹ gbọ́ o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn!

Ìyàwó mi ní kí n dùbúlẹ̀ ní Sátidé kí n ní ara mi ò yá, kò sí àgbà, kò sí pípààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹ́kù sọ́dọ̀ wa, ṣé Alága kò ní jẹ́ kó máa gbá a lọ ni, nígbà tí ọmọ náà ti ń jẹ owó cap? Ṣé kí n lọ bá màmá rẹ̀ ní Ìhunbọ̀, mọ́tò tí mi ò lè wọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n dé àárín pápá kí n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, kí n dójú ti ọmọ tó gba ẹ̀mí mi là? Àbí kí n mu omi yẹn, kí n máa retí ọjọ́ tí fóònù máa dún láti Ayétòrò?

Ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tó. Ẹ ṣáà gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sátidé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níbí. Torí nígbà tí mo bá dé pápá yẹn, ọwọ́ tí mo máa dì mú, ọwọ́ tó fà mí jáde lójú fèrèsé náà ni. Ó mọ ibi tó ń fà mí lọ lọ́jọ́ náà. Èmi, ibo ni kí n fà á lọ?