Aṣọ Funfun Ọmọ Àjọrìn Mi

                                        Ilé Aránṣọ, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Òpópónà Ọsibítù Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án.

Àjọrìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Mo kí ọmọ wa tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kú oríire. Mo mọ̀ pé ò ń rẹ́rìn-ín báyìí, pé kí n tó kí yín tán, ilẹ̀ á ti ṣú.

O béèrè àlàáfíà tèmi náà. "A dúpẹ́" ni mo kọ́kọ́ kọ, mo sì fa ìwé yẹn ya. Àwa wo ló ń dúpẹ́? Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá yìí. Láti ìgbà tí a ti sin Màámi, bí mo bá jí, àjà ni mo máa ń wò. Oníbàárà á kan ilẹ̀kùn títí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ ní mo ti ya ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, Àjọrìn. Ayé ló sú mi.

Ọjọ́ tí dẹ́rẹ́bà gbé aṣọ funfun tí o fi rán an dé, mo dìde. Mo wẹ̀, mo nu ẹ̀rọ, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. O mọ̀ pé n kì í wo ìwé bí mo bá ń gé aṣọ. Orí ni mo máa ń ka ìwọ̀n sí, ọwọ́ á sì máa tẹ̀ lé e. Mo rán an tán, mo to bọ́tìnnì sí i. Ìgbà tí mo fi kọ́ ara ògiri ni mo rí i pé kì í ṣe ìwọ̀n ọmọ rẹ. Ìwọ̀n tèmi ni, èyí tí Màámi fi téèpù wọ̀n lọ́dún tí àwa méjèèjì jọ yege ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kó tó di pé àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí mo ní kí o máa lọ ná, pé mò ń bọ̀.

N kò dá Màámi lẹ́bi o. Ta ni ì bá tọ́jú rẹ̀? Ṣùgbọ́n mo máa ń fojú inú rí nọ́ọ̀sì tí mi ò dà yẹn, tó ń rìn láàárín bẹ́ẹ̀dì, tó ń jágbe mọ́ àwọn aláìsàn kí wọ́n lo oògùn. Ó sanra jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Mò ń jowú rẹ̀ gan-an.

Mo gbìyànjú láti wọ aṣọ náà. Kò kọjá èjìká. Mo jókòó sílẹ̀, apá kan nínú rẹ̀, mo sunkún.

Mo ti ra òmíràn, mo sì rán ti ọmọ wa bó ṣe yẹ. Òun ni dẹ́rẹ́bà gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, kó lè ṣeé tú bó bá sanra. Bí ara rẹ kò bá tilẹ̀ yá láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, má jẹ́ kó mọ̀. Jẹ́ kó lọ.

Bá mi kí baálé rẹ àti gbogbo ilé. O ní yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ rẹ, pé kí n wá máa gbé ibẹ̀. O ṣeun. Ó ṣe mí bíi kí n tún kọ ọ́ pé mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́. Jẹ́ kí ọmọ kó ìwé rẹ̀ síbẹ̀.

                                        Èmi ni, Àjọrìn rẹ tí kò rìn,
                                        Aránṣọ.