Obìnrin Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Jí Yín

Màmá mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò kékeré. Ẹ jẹun kí ẹ tó lo oògùn.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn wá láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n bá yín fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti yọwọ́ nínú ẹ̀sùn tí ẹ fi kan ilé ìwòsàn wọn, torí pé "a ti di ẹbí." Ẹbí wo? Ẹbí tó gbọ́ tí ẹ ń ké pé báńdéèjì ti fún yín lẹ́sẹ̀ jù, tí kò tú u títí ìka ẹsẹ̀ yín fi kú!

Àmọ́ obìnrin alágbàwí aláìsàn, tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn, ti jókòó sílé wa kí ó tó dé. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ni ó ń ṣojú fún. Ó ní, "Ìyá tó ni ẹsẹ̀ ń sùn, ọ̀gá."

Ọ̀gá náà ní, "Mo lè dúró dè wọ́n."

"Níta ni kí ẹ ti dúró, ọ̀gá."

Mo la ẹnu láti bú ọ̀gá náà. Obìnrin náà yíjú sí mi: "Àbúrò, kì í ṣe ẹsẹ̀ tìrẹ ni wọ́n ṣe léṣe. Jókòó." Mo jókòó. N kò tíì rí ẹni tó fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn méjì, kí ó lè fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ de ẹ̀yin tí ẹ ni ín.

Obìnrin náà ń padà bọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà yín pé àwọn dókítà lè kọ̀ láti tọ́jú yín mọ́ nítorí ẹ̀sùn náà. Ó ti sọ fún mi pé wọn kò láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹ̀sùn náà lọ, mo wà lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀, inú yóò bí mi gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.