Ẹ̀kọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Yàn fún Bọ́látitó

Rótìmí àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Gbogbo ará ulé ní Èrìjìyàn ń kí yín. Ẹsẹ̀ mi tó rọ ti ń gbéra. Mo fi ọ̀pá rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń rí mi lára. Nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, Bọ́látitó ọmọ mi kọ́ ìtọ́jú aláàrùn rọpárọsẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí tèmi. Kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ náà wo ohun tó kọ́, ló bá ń kọ̀wé sí i lójoojúmọ́ pé ìtọ́jú arúgbó ló yẹ kó lọ kà. Ọmọ tó ń tún jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ṣe! Ṣíọ̀! Ó sì ti fẹ́ gbà.

Jọ̀ọ́, pè é kí wọ́n tó ti fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé pa lọ́jọ́ Ẹtì. Olúwa á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Sọ fún un pé èmi ni mo bí i, àìsàn mi kọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Olúfúnkẹ́