Bẹntiróò Inú Ife Màmá

Bàbá Dámilọ́lá,

Mò ń gbé Màmá yín lọ sí ọsibítù. Epo bẹntiróò tí ẹ fi ń pa táyà mọ́tò ìṣeré oní-rìmóòtù yín, kó má baà máa yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán, ṣé inú ife Màmá ló yẹ kí ẹ fi ìyókù rẹ̀ sí? Ọ̀fìnkìn ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òórùn. Wọ́n ṣe bí omi ni, wọ́n gbé e sẹ́nu! Háà! Wọ́n tu ú dànù, àmọ́ ikọ́ ò dáwọ́ dúró.

Ẹ má ṣáná sí sítóòfù o, bẹntiróò náà dà sílẹ̀ ní kíṣìnnì.

Takisí ti dé. Màmá ń wúkọ́, wọ́n ṣì ń bi mí pé, "Ṣé ọkọ̀ ọmọ mi ò wá yọ̀ mọ́ báyìí?"